Níbo Ni Victoria Street Wọlẹ̀ Sí? Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Orúkọ Òpópónà Ìlú Èkó

Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìbéèrè tí ó pọ̀ jù nínú àpò lẹ́tà wa ni èyí tí ó jẹ mọ́ orúkọ òpópónà ní Èkó, ìlú tí àwọn Òyìnbó fi ṣe olú-ìlú Nàìjíríà lọ́dún 1914, tí ó sì wà ní ipò náà títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba kó lọ sí Àbújá. Nítorí pé àwọn ìbéèrè náà fara kọ́ra, a kó wọn jọ sójú kan lósù yìí, a sì fi orúkọ àwọn tí ó kọ̀wé pamọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀ wá.

*Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá tí ó bí ìyá mi ta aṣọ ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó padà wá sílé. Nígbà tí wọ́n di olóògbé, a rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí ó kún fún ìwé ọjà, “Victoria Street, Lagos” ni wọ́n sì kọ sí orí gbogbo rẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ sí Ìdúmọ̀tà, mo ń bi ènìyàn léèrè, àwọn ọmọ tí ó ń ta fóònù ní kí n wọ ọkọ̀ lọ sí Victoria Island. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́. Níbo ni òpópónà náà wọlẹ̀ sí?* — Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Òpópónà náà kò wọlẹ̀. Nígbà tí ẹ dúró ní Ìdúmọ̀tà tí ẹ ń béèrè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti dúró lé e lórí. Nnamdi Azikiwe Street, tí ó ti Ìdúmọ̀tà nítòsí ẹsẹ̀ afárá Carter wá sí Tinubu Square, tí Mọ́sálásí Gbogbogbòò ìlú Èkó sì wà lójú rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní Victoria Street láyé ìjọba Òyìnbó. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Ìyá àgbà yín kò ṣìnà, àwọn ọmọ tí ó ń ta fóònù náà kò sì purọ́ mọ́ yín. Orúkọ ọbabìnrin kan náà wà lára erékùṣù tí wọ́n júwe fún yín títí di òní, ṣùgbọ́n ibi tí ìyá àgbà yín ti tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn kí a tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Ọbabìnrin Victoria kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkó rí títí ó fi wàjà lọ́dún 1901. Ohun tí ó so orúkọ rẹ̀ mọ́ òpópónà wa ni pé òun ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gba Èkó mọ́ Ọba Dòsùnmú lọ́wọ́ lọ́dún 1861. Ọ̀rọ̀ Azikiwe yàtọ̀. Zungeru ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1904, ṣùgbọ́n ó kàwé ní Èkó, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Èkó náà ni ó sì ti dá ìwé ìròyìn *West African Pilot* sílẹ̀ lọ́dún 1937, ìwé ìròyìn tí àwọn òǹtajà ojú òpópónà yẹn gan-an rà kà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960 ni ó di Gómìnà Àgbà, lọ́dún 1963 ó di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lójú tèmi, àwọn tí ó yí orúkọ yìí padà wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ìwé ọjà wọ̀nyẹn nù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n di ẹ̀kọ. Bí ẹ bá ní ìdí láti kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sínú ìwé ẹbí, ẹ kọ ọ́ báyìí: “Nnamdi Azikiwe Street, tí ó ń jẹ́ Victoria Street tẹ́lẹ̀.” Kì í ṣe gbogbo ẹni tí yóò ka ìwé náà lẹ́yìn yín ni yóò rí àgbàlagbà bi léèrè.

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìtàn ni mo jẹ́. Olùkọ́ wa kan sọ pé Òyìnbó ni ó fún àwọn òpópónà Èkó lórúkọ, pé kí wọ́n tó dé, kò sí ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ òpópónà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.* — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Ọmọ mi, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Pátákó tí a kọ orúkọ sí, tí a kàn mọ́ ògiri ní ìkángun òpópónà, àti nọ́ńbà ojúlé tí ó tẹ̀lé e, ìyẹn ni Òyìnbó gbé dé. Orúkọ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ohun tí àwọn baba ńlá wa ń sọ lórúkọ kì í ṣe ojú ọ̀nà, bí kò ṣe àdúgbò, ìta, ẹbúté àti agbo ilé. Ẹni tí ó bá ń júwe ọ̀nà fún àlejò kò ní sọ pé kí ó yà sí òpópónà báyìí. Yóò ní kí ó dé ìta Lágbájá, kí ó bi wọ́n léèrè agbo ilé Tàmẹ̀dò, ẹni náà á sì débẹ̀ láìṣìnà.

Gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa, wàá gbọ́ ìtàn nínú wọn: Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúmọ̀yìnbó. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá láti inú èdè Ẹdó, ó sì túmọ̀ sí àdúgbò, nítorí pé ọwọ́ Ọba Bìní wà lára Èkó fún ìgbà pípẹ́. Orúkọ ìlú náà pàápàá, Èkó, láti ọ̀dọ̀ àwọn Ẹdó ni wọ́n ti mú un, ó sì túmọ̀ sí ibùdó. Àwọn Pọtogí ni wọ́n ń pè é ní Lagos, nítorí omi ọ̀sà tí ó yí i ká. Ìyẹn ni pé orúkọ méjì ni ìlú náà ti ń jẹ́ tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó débẹ̀ rárá, ọmọ Èkó kan kò sì tìtorí pé wọ́n kọ Lagos sínú ìwé kí ó dẹ́kun à ń pe ìlú rẹ̀ ní Èkó.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn wá la ọ̀nà etí ọ̀sà tí wọ́n pè ní Marina, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní orúkọ tiwọn fún ibẹ̀, Ẹ̀hìngbẹ̀tì. Orúkọ méjèèjì jọ ń lọ ni, ọ̀kan lórí pátákó, èkejì lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ó wú mi lórí pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó mú Ẹ̀hìngbẹ̀tì padà wá fún àpérò ọrọ̀ ajé tí wọ́n máa ń ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá wọn ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Apọ́ngbọ̀n. Òyìnbó oníṣòwò kan wà tí ó ń jẹ́ William McCoskry. Lọ́dún 1861 òun ni ó ń dele fún ikọ̀ ọbabìnrin ní Èkó, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe adelé gómìnà nígbà tí ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wọn. Orúkọ rẹ̀ kò rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ pupa bí epo. Àwọn ará ìlú bá sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n, ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ pọ́n, orúkọ náà sì mọ́ ibi tí ó ń gbé lórí. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí. Lọ sí abẹ́ afárá níbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, wàá gbọ́ kọ́ńdọ́kítọ̀ tí ó ń ké “Apọ́ngbọ̀n, Apọ́ngbọ̀n, ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o!”, kò sì mọ̀ pé irùngbọ̀n adelé gómìnà ni òun ń pè. Gómìnà tí ó fi àṣẹ fún òpópónà lórúkọ pọ̀ ní Èkó. Èyí nìkan ni mo mọ̀ tí àwọn ará ìlú wo ojú rẹ̀, tí wọ́n sì fún un lórúkọ tiwọn. John Hawley Glover tí ó ṣàkóso Èkó títí di ọdún 1872 náà kò bọ́ níbẹ̀ lọ́nà tirẹ̀, nítorí Ọba Gọ́lọ́bà ni wọ́n sọ ọ́ dà.

Má sì gbàgbé àwọn tí ó ti òkè òkun padà wálé. Àwọn Sàró tí ó ti Sierra Leone dé tẹ̀dó sí Ọlọ́wọ́gbowó, àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì àti Kúbà dé tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Bí o bá rìn láti Campos Square gba Bamgbose Street lọ sí Tokunboh Street, ọ̀nà náà kò jìn rárá, ṣùgbọ́n orúkọ Pọtogí kan àti orúkọ Yorùbá méjì ni o bá pàdé yẹn, èyí tí ó gbẹ̀yìn sì ń sọ fún ọ ní gbangba pé láti òkun ni onítọ̀hún ti bọ̀. Ní Kakawa Street nítòsí ibẹ̀ ni Ilé Omi tí João Esan da Rocha kọ́ wà, níbi tí ará ìlú ti ń ra omi kànga. Breadfruit Street ní tirẹ̀ gba orúkọ lára igi bẹ̀rẹ̀fúùtù, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé abẹ́ igi náà ni wọ́n ń so ẹrú mọ́ kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ rẹ bá tún sọ̀rọ̀, fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé: ta ni ó sọ Ìdúmàgbò lórúkọ?

*Ẹ̀yin olóòtú wa, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí mo mẹ́nu kan Tinubu Square nínú kíláàsì, gbogbo wọn ní Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní kí n mú ẹ̀rí wá.* — Olùkọ́, Òṣogbo

Ọmọ náà ṣe dáadáa tí ó béèrè ẹ̀rí. Ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ ti ń jẹ́ Ìta Tinúbú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní orúkọ Ìyáàfin Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin oníṣòwò ńlá tí agbára rẹ̀ ní Èkó láyé Ọba Akítóyè àti Ọba Dòsùnmú ju ti ọ̀pọ̀ ìjòyè lọ. Ó ta epo, ó ta iyọ̀ àti tábà, ó ta ohun ìjà, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. Ẹ má fi èyí tí ó gbẹ̀yìn pa mọ́ fún àwọn ọmọ. Benjamin Campbell tí ó jẹ́ ikọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kò lè fara mọ́ agbára tí ó ní àti bí ó ṣe ń tako ọwọ́ tí Òyìnbó ń tì bọ ọ̀rọ̀ ìlú, ó sì rí i pé wọ́n lé e kúrò ní Èkó lọ́dún 1856. Abẹ́òkúta ni ó gbà lọ. Ipa tí ó kó nígbà tí Dàhòmì gbógun ti Ẹ̀gbá lọ́dún 1864 ni wọ́n fi fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá, ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí lọ́dún 1887.

Nígbà òmìnira, àwọn aláṣẹ sọ ibẹ̀ di Independence Square, àwọn ará Lẹ́bánónì tí ó ń gbé Nàìjíríà sì fi omi tí ó ń tú sókè síbẹ̀ lọ́dún 1960 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: òmìnira dára, kò sí ẹni tí ó kórìíra rẹ̀, síbẹ̀ ẹnu àwọn ará Èkó kò gba orúkọ tuntun náà. Tinúbú ni wọ́n ń pè é títí pátákó fi padà wá bá wọn. Campbell náà ní òpópónà tirẹ̀ ní Erékùṣù Èkó títí di òní, Campbell Street. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n dúró ní Tinubu Square, kí wọ́n sì rìn lọ sí òpópónà ẹni tí ó lé e nílùú. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú méjèèjì yóò dá wọn lójú láìsí àlàyé olùkọ́.

*Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ilẹ̀ bàbá wa sọ pé ilé náà wà ní Docemo Street, ṣùgbọ́n Dosunmu Street ni ó wà nínú ìwé owó iná. Ilé iṣẹ́ kan tí a fẹ́ bá dòwò pọ̀ ní òpópónà méjì ni, pé a fẹ́ lu jìbìtì. Ojú tì wá gidigidi. Ẹ là wá lọ́yẹ̀.* — Ọmọ onílé, Mushin

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òpópónà kan ṣoṣo ni, ọba kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sọ ọ́: Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè, tí ó jọba láti ọdún 1853 títí di 1885. “Docemo” ni àwọn Òyìnbó ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 tí wọ́n fi gba Èkó, nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn tí ó ń jẹ́ *Prometheus* ti dúró sójú omi tí ó sì kọjú ìbọn sí ìlú. Owó ẹyọ ẹgbẹ̀fà àpò lọ́dọọdún, ìyẹn 1,200, ni wọ́n ṣèlérí fún ọba dípò ìlú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pátákó òpópónà ń kọ ọ́ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ó tó di pé a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bí a ṣe ń pè é.

Irú ìyípadà yìí ni ó rọ àwọn ènìyàn lọ́rùn jù láti fojú fò dá, nítorí kò sí ẹni tí a fi rọ́pò ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ó wà lára èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn tí ó kọ Docemo kọ orúkọ náà bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí a wá kọ Dosunmu, a dá ọba lórúkọ rẹ̀ padà. Èyí tí ó kù ni àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, tí ó yẹ kí ó wà lórí gbogbo pátákó òpópónà ní ilẹ̀ Yorùbá, kí àlejò má baà máa pe orúkọ baba wa bí ẹni tí ó ń jẹ ìṣáná.

Ní ti ìwé yín, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí òpópónà náà wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé kan fún yín pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti òpópónà kan náà, kí ẹ sì bá agbẹjọ́rò yín sọ ọ́ kí ó bá yín búra sí i ní kóòtù. Ẹ kò ṣe ohun ìtìjú kankan.

*Mo kí yín láti Peckham. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé ni inú máa ń bí mi ní Ìkòyí. Lugard, Bourdillon, Glover, ṣé àwọn wọ̀nyí ni a óò máa kà títí ayé? Kí ló dé tí wọn kò yọ gbogbo wọn kúrò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ ibòmíràn?* — Ọmọ Èkó, London

Inú tí ó ń bí yín yé mi. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún Òyìnbó ni Ìkòyí tí wọ́n sọ lórúkọ wọ̀nyẹn. Dúdú tí kì í bá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ kò ní ibùgbé níbẹ̀, odò tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà MacGregor pè, sì là á láàárín òun àti àwa yòókù. Orúkọ gómìnà tí wọ́n kàn mọ́ ìkángun òpópónà ibẹ̀ dà bí ẹni tí ó fi àmì sára ẹrù rẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé a kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kingsway Road tí ó jẹ́ òpópónà pàtàkì ní Ìkòyí ti di Alfred Rewane Road, ní orúkọ àgbàlagbà tí ó ń fi owó rẹ̀ ti ìjà ìjọba alágbádá lẹ́yìn, tí àwọn apànìyàn sì lọ ká mọ́lé ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995. Queen's Drive ti di Oyinkan Abayomi Drive. Ìyá yìí, tí wọ́n bí lọ́dún 1897 tí ó sì kú lọ́dún 1990, ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún 1944, nígbà tí obìnrin kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Èmi kò mọ ìyípadà mìíràn ní Èkó tí ó bá mi lára mu tó èyí: ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kúrò lójú pátákó, obìnrin Èkó tí ó bá ìjọba rẹ̀ jà bọ́ síbẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ẹni tí ó kàn, Lugard ni màá dárúkọ. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ Òyìnbó. Ẹni tí kò fẹ́ràn Èkó ni, tí kò fẹ́ràn àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, tí ó sì fẹ́ gbé olú-ìlú lọ sí Kàdúná. Èwo ni tiwa nínú orúkọ rẹ̀? Glover ní tirẹ̀ ti di Gọ́lọ́bà mọ́ wa lọ́wọ́, ìtàn rẹ̀ sì ti wọ inú ìtàn ìlú débi pé èmi kò ní fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ yíyọ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé mo ti rí ohun tí orúkọ ìkánjú máa ń dà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Ọ̀gágun Gowon wà lórí àlééfà, wọ́n sọ Broad Street di Yakubu Gowon Street. Ilé ìfowópamọ́ àti ilé iṣẹ́ tún ìwé wọn tẹ̀, wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun sí i. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1975, Broad Street sì padà sójú pátákó. Èmi kò bínú sí Gowon. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò yẹ kí a fi orúkọ ẹni tí ó ṣì wà lórí oyè sọ òpópónà, nítorí ẹni tí ó bá gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ ọ́.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Victoria Island tún burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ Kúdírátù Abíọ́lá, tí àwọn apànìyàn yìnbọn pa ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 1996, pe ìkángun òpópónà tí ọ́fíìsì Nàìjíríà wà ní New York, ìjọba ológun gbẹ̀san. Wọ́n mú Eleke Crescent, níbi tí ọ́fíìsì àwọn ará Amẹ́ríkà wà, wọ́n sọ ọ́ ní Louis Farrakhan, ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi orúkọ Walter Carrington sí i, ikọ̀ Amẹ́ríkà tí ó dúró ti àwọn tí ó ń jà fún ìjọba alágbádá láyé Abacha. Carrington yẹ fún ọlá náà, ọpẹ́ sì ni pé Kúdírátù ti ní òpópónà tirẹ̀ ní Oregun. Síbẹ̀ ó dùn mí pé Eleke sọnù nínú ìjà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ léèrè ohun kan.

*Kí ló dé tí a fi ń pe ibùdókọ̀ kan ní CMS, nígbà tí ilé ìtàwé tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ CSS?* — Òǹkàwé, Ìkòròdú

Ilé ìtàwé àwọn Church Missionary Society ni ó wà níbẹ̀ látijọ́, òun ni CMS. Nígbà tí ilé ìtàwé náà yí orúkọ padà sí CSS, wọ́n yí pátákó ara ilé wọn padà, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Western Avenue ní Sùúrùlérè rí. Funsho Williams Avenue ni ó ń jẹ́ báyìí, ní ìrántí olóṣèlú tí wọ́n pa nílé rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2006, ikú tí ó dun gbogbo Èkó. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣì ń sọ fún awakọ̀ pé Western ni àwọn ń lọ. Wọn kò ṣe àìbọ̀wọ̀ fún òkú. Ohun tí ẹnu ti fi ogójì ọdún pè kì í tètè kúrò lẹ́nu.

*Ta ni òfin fún ní àṣẹ láti yí orúkọ òpópónà padà? Ní àdúgbò wa, a jí lọ́jọ́ kan a bá pátákó tuntun, orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ rí ni wọ́n kọ sí i. Ṣé a lè sọ̀rọ̀?* — Àwọn onílé, ìhà Agége

Ẹ lè sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ẹ sọ ọ́. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi sísọ òpópónà lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ojúlé sínú iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe ìpàdé lé e lórí, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi yan onítọ̀hún, kí ẹ sì kọ orúkọ àtijọ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú ohun tí ẹ mọ̀ nípa ẹni tí ó ni í. Kí gbogbo onílé fọwọ́ sí i, kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Bí wọn kò bá yọ orúkọ tuntun náà, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè fún, mo sì ń bẹ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá ka ìwé ìròyìn yìí pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò: kí wọ́n kọ orúkọ àtijọ́ sí abẹ́ tuntun pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n yí i padà. Ọ̀dà díẹ̀ ni yóò ná wọn. Lọ́dún kan, mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko jókòó sí ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ti ìjọba ní Ìbàdàn, mo ń wá ilé ẹbí kan nínú àwọn ìwé tí etí wọn ti gbó, tí erùpẹ̀ pupa sì ń kù lára wọn sí mi lápá aṣọ. Nọ́ńbà ojúlé wà níbẹ̀, orúkọ onílé wà níbẹ̀, àmì ìtẹ̀ka rẹ̀ dúdú kirikiri lórí òǹtẹ̀. Orúkọ òpópónà náà nìkan ni kò sí lórí máàpù kankan tí mo mú lọ. Ìyá arúgbó kan tí ó ń ta àgbàdo sísè lẹ́nu géètì ni ó sọ ibi tí ó wà fún mi lọ́jọ́ kẹta, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.